Ọjọ́ Ajé Kan Pẹ̀lú Ìyàwó Ṣọ́jà ní Bẹyẹrúnkà

Aago 5:50 ìdájí

Àwọn tó lọ kírun àsùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà wọlé nígbà tí àbúrò mi tan iná fóònù rẹ̀, tó sì tú fáìlì búlúù kan sílẹ̀ lórí ẹní. Ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ mẹ́ta. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èsì ìdánwò ọdún tó kọjá. Ìwé tíránsífà méjì. Ọmọ mẹ́ta, ìwé tíránsífà méjì: ibẹ̀ ni wàhálà ọjọ́ náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi sì mọ̀. Ó ń tò wọ́n, ó ń tún wọn tò, bí ẹni pé ẹ̀kẹta á yọ láàárín wọn bí òun bá lè tò wọ́n dáadáa.

Ṣọ́jà ni ọkọ rẹ̀, kọ́pùrà nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀. Kaduna ló ti wà, lábẹ́ Dífíṣọ̀n Kìíní, láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn ò tíì dáyé. Nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, sígínà dé, ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ ológun pé wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú sígínà náà, ipò rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ibi tó ti ń kúrò, ibi tó ń lọ, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti yọjú níbẹ̀. Dífíṣọ̀n Kejì ni wọ́n gbé e wá, èyí tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Odogbo, lọ́nà Òjòó, nínú ọgbà tí wọ́n fi orúkọ Adékúnlé Fájuyì sọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ, kò sí kíláàsì tí ọmọ wà. Ọ̀gá ilé-ìwé àkọ́bí ní Kaduna ti lọ fún ìsinmi tirẹ̀ náà. Kó tó dé, ẹrù ti wà lẹ́yìn mọ́tò.

Kò sí ilé tó ṣófo ní báráàkì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ní 1967, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí ogun abẹ́lé máa fi parí ní 1970, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000, àwọn tó ń kọ́lé fún wọn kò sì bá wọn sáré débẹ̀. Ìgbà náà ni ó ti di àṣà kí ṣọ́jà máa háyà yàrá láàárín ìgboro, tàbí kó kó aya àti ọmọ wá sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Agbo ilé bàbá kọ́pùrà tiwa yìí, Bẹyẹrúnkà ló wà. Wọ́n kó àgbàdo àti kòròfo gálọ́ọ̀nù kúrò nínú yàrá kan, wọ́n gbá a, wọ́n tẹ́ ẹní sí i. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni bàbá gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Odogbo. Ọjọ́ Ajé náà ni ìyá gbọ́dọ̀ wá ilé-ìwé fún ọmọ mẹ́ta, torí pé wọ́n ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo sùn sọ́dọ̀ wọn lálẹ́ Sunday kí n lè bá a rìn.

Aago 6:35

Wọ́n ti wẹ̀ tán. Àwọn ìyàwó ilé ń pe àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní "ọkọ mi", ọmọ náà sì ń wò wọ́n lójú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà tó bí bàbá rẹ̀, ó ní: "Ina kwana."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú wọn. "Ọkọ mi, ire ni o. Ṣé o sùn dáadáa?"

Ọmọ ò fèsì. Yorùbá tó gbọ́ kò pọ̀ ju èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí lọ. Ní báráàkì Kaduna, ọmọ Tiv, ọmọ Ìgbò, ọmọ Yorùbá, Haúsá ni gbogbo wọn jọ fi ń ṣeré. Ní ilé-ìwé ìjọba láàárín ìgboro Ìbàdàn, bí ìwé tiẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ni tíṣà fi ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré kó tó wọ̀ wọ́n létí. Èyí ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ tíránsífà lọ.

Ìyá Àgbà bèèrè ohun tí fáìlì náà wà fún. Nígbà tiwọn, wọ́n ní, ọwọ́ ni ìwé. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé-ìwé ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba, tí Awókọ́yà sì jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. "Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí n fi di etí òsì mú. Mo dì í mú. Wọ́n kọ orúkọ mi." Wọ́n gbé ọwọ́ náà fún wa wò níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọwọ́ ọ̀hún ò kọjá àtàrí mọ́, nítorí làkúrègbé.

Ní 1954, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Ẹ fojú inú wo bí iye ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe wọlé láàárín ọdún kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí, tí ìyá wọn kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn ju pé ọdún tí iṣu ta dáadáa ni. Ọmọ tó dúró níwájú tíṣà ni ẹ̀rí.

Aago 7:30

A jáde. Èéfín àkàrà, fèrè ọkọ̀ Micra, àwọn ọmọ tó ti pẹ́ tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn ní ojú ọ̀nà tóóró láàárín àwọn ilé tí páànù orí wọn ti dípẹtà. Àkọ́bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, wọ yúnífọ́ọ̀mù Kaduna. Ìyá rẹ̀ ló ní kó wọ̀ ọ́, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ilé-ìwé ló ti ń bọ̀, pé kì í ṣe ọmọ tó ń jókòó sílé. Gbogbo ẹni tó pàdé wa ló ń wò ó. Ọmọ náà sì ń wo ilẹ̀.

Ohun kan wà tí àlejò kì í mọ̀ nípa ìgboro yìí. Lójú ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Màpó, ojú kan náà ni. Lórí ìwé ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló pín ìgboro Ìbàdàn láàárín ara wọn: Bẹẹrẹ wà lábẹ́ ti Àríwá, Màpó wà lábẹ́ ti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kẹ́ ẹ ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá kan bọ́ sábẹ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti fi odidi àárọ̀ tò sídìí tábìlì tí kì í ṣe tiwọn.

Aago 8:05

Ilé-ìwé àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ṣì wà lórí ìlà, wọ́n ń kọrin. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tó ṣe jẹ́jẹ́, fún wa ní àga, ó ka ìwé wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mú wa lọ wo Primary Four fúnra rẹ̀: ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ fún méjì.

"Ẹ má bínú sí mi, mà," ó sọ fún àbúrò mi. "Ọmọ tó bá ti ìpínlẹ̀ míì wá, ẹ ní láti kọ́kọ́ gba ìwé lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá wa. Tí mo bá kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láìsí ìwé, tí àwọn alábẹ̀wò bá dé, èmi ni wọ́n máa bi."

Mi ò lè bá a jà. Ẹni tí wọ́n máa bi léèrè ló ń bẹ̀rù ìbéèrè.

Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè pé ilé-ìwé àwọn ológun ńkọ́: wọ́n wà ní tòótọ́, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ dáadáa. Wọ́n ń gbowó níbẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ yìí sì ti ṣírò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: owó mọ́tò ọmọ mẹ́ta láti Bẹyẹrúnkà dé Òjòó lójoojúmọ́, àlọ àti àbọ̀, kí a tó fi owó ilé-ìwé lé e, yóò jẹ owó oṣù kọ́pùrà kọjá ìdajì. Ilé-ìwé tó wà nítòsí ibi tí ọmọ ń sùn ni ọmọ tálákà lè lọ.

Aago 9:15

A dé ọ́fíìsì tí wọ́n júwe fún wa. Ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti lọ sí mítìn. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá ògiri, a sì bá àwọn ìyá mìíràn níbẹ̀ tí wọ́n ti jókòó ṣáájú wa. Ọ̀kan nínú wọn, opó ni, láti Ṣakí ló ti kó wá. Òmíràn ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa sùn lọ lórí itan mi.

Bí a ṣe jókòó yẹn ni mo ń ro bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ìgbàwọlé sílé-ìwé sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n fún ọmọ ológun láyè kí ẹbí rẹ̀ tó dé àdúgbò rárá, bí ìwé àṣẹ tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó bọ̀ bá ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò lè sọ pé àyàfi tí ẹ bá ní ilé níbí ná. Àwọn kíláàsì ọmọ wẹ́wẹ́ tí òfin ní kò gbọdọ̀ ju 30 lọ, bí ọmọ ológun bá dé láàárín ọdún, ó lè di ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀, òfin ò ní mú ẹnikẹ́ni. Láti 2011 ni ìjọba wọn sì ti ń fún ilé-ìwé lówó àfikún lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ń lọ sójú ogun nílò ẹni tó máa mójú tó o.

Àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà ló bá tiwa mu jù, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ilé-ìwé tirẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ológun tó bá ti Texas lọ sí Virginia máa ń bá irú ògiri tí àbúrò mi bá yìí pàdé. Ní 2008, àwọn ìpínlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí àdéhùn láàárín ara wọn nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Lónìí, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí kò ṣòro: ìwé tí òbí bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá tó fún ilé-ìwé tuntun láti fi ọmọ sí kíláàsì lójú ẹsẹ̀, ilé-ìwé àtijọ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá láti fi ojúlówó ìwé ránṣẹ́, bí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan bá kù, wọ́n fún òbí ní 30 ọjọ́. Ọmọ á ti máa kàwé ní gbogbo ìgbà náà. Àwọn tó ṣe àdéhùn yìí kò kọ́ kíláàsì tuntun kan nítorí rẹ̀. Wọ́n kàn gbà pé ọ̀rọ̀ ìwé, láàárín ọ́fíìsì àti ọ́fíìsì ni, kò sì kan ọmọ.

Àwa náà kò ṣaláìní òfin. Òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS3, ó sì la ìyà sílẹ̀ fún òbí tí kò bá fi ọmọ rẹ̀ sílé-ìwé. Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì yìí, òfin ló ń gbìyànjú láti pa mọ́.

Aago 11:05

Ọ̀gá dé. Kò bú wa, kò sì bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ó yẹ ìwé tíránsífà méjèèjì wò níwájú, ó yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn.

"Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ti ọ̀hún ò fọwọ́ sí i. Ẹ dá a padà fún wọn, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú."

"Ní Kaduna, sà?"

"Níbi tó ti wá, mà."

Àbúrò mi fa sígínà ọkọ rẹ̀ yọ. Ọ̀gá ní ìyẹn ò kan àwọn, ti àwọn ológun ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dìde.

Aago 11:40

A jókòó sídìí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Màpó. Mo ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún àwọn ọmọ. Àbúrò mi ò jẹun. Ó ń ka iye tí mọ́tò lọ sí Kaduna àti àbọ̀ yóò jẹ́, lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. "Àǹtí mi, ṣé kí wọ́n kúkú dúró sílé títí di January?" Mo ní rárá. Mo sọ ọ́ ní ohùn líle ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yìí, ṣùgbọ́n òkè tó dúró lé ti rí ológun tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ìbàdàn tí à ń wò láti ibẹ̀, àgọ́ ogun ni ní nǹkan bí 1829. Àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ló pàgọ́ síbẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn tí ogun tú ká sì ń bá wọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú aya àti ọmọ, abẹ́ jagunjagun kan tó ti ní agbo ilé ni yóò forí pamọ́ sí. Jagunjagun náà á fún un nílẹ̀, á gbẹnu sọ fún un níwájú àwọn àgbà. Kò sẹ́ni tó ní kó padà lọ gba àṣẹ ní Ọ̀yọ́ Ilé tí ogun ti fọ́. Ọ̀pọ̀ agbo ilé tí a là kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ ogun níbí. Ní 1853, David Hinderer, òyìnbó ajíhìnrere, àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì, tí kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè yìí. Ìlú tí wọ́n bá, ìlú àwọn balógun ni, tí ogun jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ìlú, Olúńlóyọ̀, kó ọmọ rẹ̀ méjì lé àwọn òyìnbó náà lọ́wọ́ kí wọ́n lọ kọ́ ìwé: Yéjídé, obìnrin, àti Akínyẹlé, ọkùnrin. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ Ìbàdàn tó kọ́kọ́ mọ ìwé kà. Bàbá ọmọ kó wọn wá, wọ́n gbà wọ́n, ó tán. Ilé-ìwé girama àwọn obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Yéjídé títí di òní. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860 tí ọ̀nà dí, àwọn Hinderer há sí Ìbàdàn láìsí owó, wọ́n ń ta ẹrù inú ilé wọn kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí jẹ. Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ níbẹ̀. Èyí èkejì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bèèrè bóyá Yéjídé gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó débẹ̀. Mo ní kò gbọ́. Ó ní: "Ehn, èmi náà ò gbọ́ Yorùbá tán."

Fóònù dún. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní Bẹyẹrúnkà ni. Ó ti bá hẹ́dímásítà ilé-ìwé tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ń lọ sọ̀rọ̀. Ó ní ká máa bọ̀ kíá, kí wọ́n tó jáde.

Aago 12:25

Hẹ́dímásítà yìí ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Kò kọ́kọ́ bèèrè ìwé. Ó bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró kí ọmọ dá a lóhùn fúnra rẹ̀. Ó gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ kejì. Ọmọ kà á láìdúró. Ó gbé ìwé Yorùbá fún un. Ọmọ náà ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kà á lédè Haúsá, "ọkọ́" àti "ọkọ̀" jọ di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Hẹ́dímásítà wo fèrèsé náà lẹ́ẹ̀kan, ojú fèrèsé ṣófo.

"Tẹ́ẹ̀mù méjì," ó sọ fún ìyá rẹ̀. "Ọmọ kì í pẹ́ gbọ́ èdè ibi tó ti ń ṣeré. Ẹ má jẹ́ kó máa jókòó sínú yàrá bó bá délé o. Ẹ lé e síta."

Lẹ́yìn náà ló gbé rẹ́jísítà ìgbàwọlé kalẹ̀, ìwé gígùn kan tí wọ́n fi aṣọ pupa lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, tí etí rẹ̀ ti rún. Ó fi rúlà sí abẹ́ ìlà tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ̀lú rẹ̀. Nọ́ńbà, orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá, àdírẹ́sì, ilé-ìwé tó ti wà tẹ́lẹ̀, kíláàsì, ọjọ́ tó wọlé. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pátápátá, àyè méjì ṣófo fún ọjọ́ tó kúrò àti ìdí tó fi kúrò. Láwọn ìlà tó wà lókè, iṣẹ́ àwọn bàbá ń lọ báyìí: awakọ̀, télọ̀, awakọ̀, oníṣòwò, bíríkìlà. Ó kọ "ṣọ́jà" lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, ó sì kọ "Kaduna" síbi ilé-ìwé àtijọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára. Bí ó ṣe ń parí orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ń yí i sí ìyá rẹ̀ kó yẹ sípẹ́lì rẹ̀ wò.

Àbúrò mi sọ ohun tí ọ́fíìsì wí nípa òǹtẹ̀. Kò fẹ́ fi pamọ́ fún un.

"Ṣé sígínà ọ̀gá wà lọ́wọ́ yín?" Ó gbà á, ó kà á, ó ní kí akọ̀wé ya ẹ̀dà rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tíránsífà. "Ìjọba ló gbé bàbá wọn wá. Èmi fúnra mi á kọ̀wé sí ọ́fíìsì, màá sọ ìdí tí mo fi gbà wọ́n. Kí ìwé máa rìn, kí ọmọ jókòó."

Mo ti gbọ́ kí wọ́n yin àwọn tíṣà ní ìpàdé àti lórí rédíò. Ohun tí mo rí ní ọ́fíìsì yẹn ju ìyìn bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ọmọ tí kò mọ̀ rí, ní àsìkò tó jẹ́ pé àsìṣe kékeré lè ba ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́. Kò yẹ kó jẹ́ pé àánú hẹ́dímásítà kan ṣoṣo ni ọmọ ṣọ́jà máa gbára lé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó rorò la bá níbẹ̀ ńkọ́? Bí ìyàwó ilé yẹn ò bá ní fóònù ńkọ́?

Wọ́n mú àbíkẹ́yìn lọ sí Primary One. Tíṣà ní kí ọmọ méjì sún. Wọ́n sún. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, kò sì wo ẹ̀yìn.

Aago 1:50 ọ̀sán

Ó ku àkọ́bí. JSS3 ló yẹ kó wà, ìwé tíránsífà tirẹ̀ sì ni kò sí. Ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì tí a lọ ní àyè wà, tíṣà wà, àwọn yóò fẹ́ràn láti gbà á, ṣùgbọ́n kíláàsì ìdánwò ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ó sì yẹ kí àwọn òbí tí wọ́n ń kó láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìdánwò BECE tirẹ̀ ní ìparí JSS3. Máàkì tí ọmọ gbà nínú iṣẹ́ kíláàsì láwọn ọdún tó ṣáájú wà lára ohun tí wọ́n ń kà fún un, nítorí náà ilé-ìwé tuntun nílò máàkì JSS1 àti JSS2 láti Kaduna. Èdè Nàìjíríà kan sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Ọdún méjì ni ọmọ yìí fi kọ́ Haúsá, ó sì ń gba máàkì tó dára nínú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń kọ́ níbí: àkàyé, àròkọ, òwe, ìhun gbólóhùn, ìwé lítíréṣọ̀. Oṣù díẹ̀ ló wà láàárín òun àti ìdánwò.

Wọ́n ní ká padà wá ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ìwé láti Kaduna, tàbí ìwé láti iléeṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó ṣàlàyé. Wọ́n tún dábàá pé kí ó padà sí JSS2. Ọmọ náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, mà. Nígbà tí wọ́n gbé Dádì lọ sí Jos fún oṣù díẹ̀, wọ́n dá mi padà sí Primary Two. Ọjọ́ orí mi ti ju ti gbogbo wọn lọ."

Ọ̀gá náà wò ó. Ó ní kí a má sọ̀rọ̀ JSS2 mọ́, ó di Ọjọ́bọ̀.

Aago 4:10 ìrọ̀lẹ́

Télọ̀ ní Bẹẹrẹ. Ó wọn àwọn méjèèjì, ó gba owó ìdajì, ó ṣèlérí Wednesday. A ra bàtà àti ìwé kíkọ ní Ọjà'ba kí òjò tó dé. Òjò ká wa mọ́ ibẹ̀.

Aago 8:45 alẹ́

Bàbá wọn pè láti Odogbo. Gáàdì ló wà, kò ní lè wálé. Àbúrò mi gbé fóònù sí sípíkà kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó ròyìn ọjọ́ náà fún un, kò yọ ọ́fíìsì sílẹ̀, kò yọ hẹ́dímásítà sílẹ̀. Ìyá Àgbà ń ṣàdúrà lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Ọjọ́bọ̀ ni ti àkọ́bí," àbúrò mi ní. "Wọ́n fẹ́ ìwé láti ọ́fíìsì yín. Ẹ sọ fún kíláàkì yín kó kọ orúkọ ọmọ sínú rẹ̀, àti kíláàsì rẹ̀, àti ilé-ìwé tó ti wá. Kì í ṣe tiyín nìkan."

"Wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí tiwa."

Bàbá wọn dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó jẹ́ kí òun wá bírò, kí ó sì pe orúkọ náà bí ó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí gan-an, nítorí pé bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, wọ́n á tún dá a padà. Àbúrò mi ṣí fáìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.